Sẹpárétọ̀ wàrà ń jò, ó sì ń gbọ̀n: ṣé bearing ni àbí omi?

Ọmọ Ìsọlọ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Sẹpárétọ̀ tí a fi ń yọ ọ̀rá wàrà níléeṣẹ́ wa n'Ísọlọ̀ ti dáṣà tuntun. Bó bá ti da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sílẹ̀ tán, abọ́ rẹ̀ tó ń yí kì í tètè padé mọ́. Wàrà á máa ṣàn gba ojú ibi tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ń gbà jáde fún bí ìṣẹ́jú kan. Ó ti di ọjọ́ kẹta tó tún ń gbọ̀n. Ọ̀rá tó ń ṣẹ́kù sínú wàrà tí a ti yọ, 0.05% ni tẹ́lẹ̀, ó ti di 0.12% báyìí. Omi bóòhóòlù la fi ń ṣí abọ́ tí a sì fi ń pa á dé. Ọ̀gá àgbà ní ká pààrọ̀ bearing (ẹ̀yà tó ń jẹ́ kí ọ̀pá abọ́ yí wọ́ọ́rọ́wọ́) tòkè-tìsàlẹ̀ ní Sátidé. Ibo ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Bàbá Sẹpárétọ̀:
Àbúrò, ẹ má tíì ra bearing kankan. Abọ́ tí kò padé, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Omi tó ń wọ abẹ́ abọ́ ló ń ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè kó lè fara mọ́ òrùka rọ́bà tó wà lára ìdérí. Bí omi yẹn bá kéré, tàbí tó ń jò lọ lára àwọn èdídí kéékèèké abẹ́ abọ́, ìsàlẹ̀ á rọ̀ wálẹ̀, wàrà á sì gba àyè. Omi bóòhóòlù sábà máa ń ní ẹfun nínú. Ẹfun yẹn á gbẹ sínú ihò tín-ín-rín tí omi ń gbà kọjá, títí ihò á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dí.

Ẹ tú páìpù omi náà nídìí ẹ̀rọ, ẹ gbé korobá sí i, kí ẹ fi aago wò ó: lítà mélòó ló ń wọlé ní ìṣẹ́jú kan? Ẹ fi wé ohun tó wà nínú ìwé ẹ̀rọ yín. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo asẹ́ àti fáàfù oníná. Bí ẹ bá tú abọ́, ẹ fọwọ́ pa òrùka rọ́bà náà yíká. Bí èékánná bá lè ríbi kọ́ lára rẹ̀, ó ti tó pààrọ̀. Ẹ má fi wáyà gún ihò o, ó máa fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ásíìdì ásẹ́tíìkì 10% tó gbóná tó 80°C ni kí ẹ ri ẹ̀yà tó ní ihò náà sí, ẹfun á yọ́. Ẹ má lo ásíìdì háídírókílóríìkì rárá, ó ń jẹ irin aláìdípẹtà.

Ní ti gbígbọ̀n: abọ́ tí kò da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tán ń ṣẹ́ ẹ kù sápá kan. Ẹ wo aláàárù tí ẹrù orí rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yìí kan náà ló ń dí àárín àwọn dísìkì (awo irin tó tò léra nínú abọ́), tí ọ̀rá fi ń sá lọ.

Ẹlẹ́rọ Ọ̀rẹ́gùn:
Òótọ́ ni Bàbá sọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ pa iná, ẹ fi àgádágodo sí i, kí ẹ dúró títí abọ́ á fi dúró jẹ́ẹ́. Ó lè yí ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ lẹ́yìn tí iná ti kú, etí nìkan ò sì tó láti mọ̀ pé ó ti dúró.

Lock ring (òrùka ńlá tó de ìdérí mọ́ abọ́) ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yìí, ọ̀nà òdì ni wọ́n ń gbà tú u, nítorí náà ẹ wo ọfà ara rẹ̀. Nọ́ńbà wà lára ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan: ẹ má yá dísìkì tàbí ìdérí lára ẹ̀rọ kejì, bí wọ́n tilẹ̀ jọra bí ìbejì, torí pé àpapọ̀ ni wọ́n fi wọn ìwúwo wọn. Ẹ nu ojú ìdè mọ́, kí ẹ fi òróró pàtàkì rẹ̀ pa á. Irin aláìdípẹtà lórí irin aláìdípẹtà máa ń lẹ̀ pọ̀. Bí ẹ bá de lock ring tán tí àmì rẹ̀ kọjá ti ara abọ́ ju bí ìwé ṣe gbà lọ, dísìkì kò fún mọ́ra mọ́. Ẹ fi ọ̀kan kún un.

Bó bá gbọ̀n gan-an lẹ́nu iṣẹ́, ẹ tẹ bọ́tìnnì pàjáwìrì, ẹ dá wàrà dúró, ṣùgbọ́n kí omi máa wọlé kí abọ́ lè kún. Ẹ má da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ o! Kí gbogbo èèyàn jáde nínú yàrá náà títí yóò fi dúró.

Ọmọ Ìsọlọ̀:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Korobá onílítà 10 gba ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ kó tó kún; ìwé ní ìṣẹ́jú kan. Asẹ́ ti dí, ẹfun ti bo ihò, èdídí méjì sì ti ní ojú ọgbẹ́. Àmọ́ ọ́ìlì gíà funfun bí omi ògì. Ṣé ìyẹn burú?

Bàbá Sẹpárétọ̀:
Ó burú. Omi ti wọnú ọ́ìlì, ìyẹn sì ni yóò pa bearing lóòótọ́. Ẹ dà á nù nígbà tó ṣì gbóná, ẹ fi ọ́ìlì tuntun díẹ̀ ṣan ibẹ̀, ẹ tún dà á nù, kí ẹ tó wá bu èyí tó pé sí i. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà ìdí ọ̀pá tó gbé abọ́ dúró, kí ẹ sì fọwọ́ yí ọ̀pá náà. Bó bá ń rún bí ìgbà tí iyanrìn wà nínú rẹ̀, ó di dandan kí ẹ pààrọ̀ bearing. Sípíríǹgì bearing òkè, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni kí ẹ pààrọ̀, ẹ má pààrọ̀ ẹyọ kan.

Ìfọ̀ náà: omi, sódà kọ́sítíìkì 2% ní 75 sí 80°C, omi, ásíìdì náítíríìkì 1% ní 60 sí 65°C, omi. Ẹ jẹ́ kí abọ́ ṣí kó sì padé nígbà bíi mélòó kan nínú sódà. Bílíìṣì kò gbọdọ̀ kan abọ́.

Ẹlẹ́rọ Ọ̀rẹ́gùn:
Ẹ wo jẹnẹrétọ̀ yín náà. Bó bá ń fún yín ní 47 Hz (iye ìgbà tí iná ń yí padà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) dípò 50, tí kò sí ẹ̀rọ tó ń ṣètò eré mọ́tọ̀, eré abọ́ á dín kù ní ìwọ̀n kan náà, ọ̀rá á tún máa sá. Bí iná bá lọ, ẹ dá wàrà dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹ má sì ṣí i padà títí abọ́ á fi tún pé eré.