Wọ́n ní kí n má mú aṣọ ìwẹ̀ dání

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú déédéé àsìkò yìí o. Oṣù mẹ́rin rèé tí mo dé Jámánì. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí n bá àwọn lọ sí sauna lọ́jọ́ Ẹtì, yàrá onípákó tó gbóná janjan tí wọ́n ti ń làágùn yẹn. Mo sáré ra aṣọ ìwẹ̀ tuntun, èyí tó bò mí dé orúnkún. Àfi bí ọ̀kan nínú wọn ṣe ní kí n má wulẹ̀ mú un dání. Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé ó ń dápàárá ni. Nígbà tí mo wo ìkànnì ibẹ̀, "textilfrei" ni mo rí gàdàgbà: kò gbọ́dọ̀ sí aṣọ lára. Tọkùnrin tobìnrin o! Ọ̀gá wa ọkùnrin pàápàá ń bọ̀. Ojú wo ni màá fi wò ó nípàdé ọjọ́ Ajé? Ṣé mo lè ní mi ò lọ, kí wọ́n má sì rò pé mò ń gbéra ga?

Bàbá Tóní:
Ẹ̀rín pa mí! Nígbà àkọ́kọ́ tèmi, ṣòkòtò ìwẹ̀ ni mo wọ̀ wọlé. Bàbá arúgbó kan, tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀ bí kò ṣe gíláàsì ojú, ló bá mi wí. Ohùn rẹ̀ tutù bíi ti ẹni tó wọ kóòtù. Ó ní èyí tí mo wọ̀ yẹn kò mọ́, kí n tẹ́ tówẹ̀lì, kí n jókòó lé e, kí àtẹ́lẹsẹ̀ mi má kan pákó. Àṣé èmi tí mo wọṣọ ni mo ṣe bí ẹni tí ò lójútì! Kéèyàn jẹ́ kí òógùn kán sórí pákó, tàbí kó máa wo ara ẹlòmíì, ìyẹn gan-an ni ìtìjú níbẹ̀. Aago oníyanrìn ara ògiri ni kálukú ń wò. Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n ní Damensauna, ọjọ́ tí obìnrin nìkan ń wọlé.

Arìnnàkò:
Ní Japan témi wà, ìhòòhò náà ni wọ́n ń wọ onsen, ìsun omi gbígbóná wọn, àmọ́ ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Mo ti bọ́ aṣọ tán kí wọ́n tó dá mi padà, torí òdòdó kékeré tí mo fín sí èjìká. Gbogbo ara yòókù kò dùn wọ́n, àfi èjìká!

Ìyá Háníìfà:
Ilẹ̀ Faransé nìyí. Ṣòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀ tó dé orúnkún ni wọ́n fi lé ọkọ mi jáde ní adágún ìwẹ̀. Pénpé tó lẹ̀ mọ́ra ni wọ́n ń gbà. Ibí náà ni wọ́n ti ṣòfin ní 2010 pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ bojú níta gbangba. Bàbá Tóní, mi ò bá yín jiyàn lórí tówẹ̀lì, ṣùgbọ́n àjèjì ni bàbá arúgbó yín, kì í ṣe ọ̀gá tó ń buwọ́ lu ìwé ìsinmi yín. Ìyá Ìbejì, ẹ ní ẹ ò lọ. Ẹ má parọ́ orí fífọ́ o, wọn á tún sún ọjọ́ náà síwájú nítorí yín.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti sọ fún ọ̀gá. Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀, ó ní òun alára ti ń wá ohun tóun máa wí. Ọjọ́rú ni ọjọ́ obìnrin níbẹ̀. Mo ti ra tówẹ̀lì kan tó gùn jù mí lọ.