Bí àìsàn bá yí ìwà ìyá ẹni padà, ta ni à ń dárí jì?

Àbẹ̀kẹ́ Ọ̀yọ́:

Ẹ kú ilé o, gbogbo ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò rí ẹni bá rò ó, nítorí gbogbo ẹni tí mo bá sọ ọ́ fún, ẹkún ni wọ́n ń bá mi sun. Èmi ò fẹ́ ẹkún, ìdáhùn ni mo fẹ́.

Àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu ìyá mi lọ́dún tó kọjá. Apá ọ̀tún ò ṣiṣẹ́ mọ́, kò sì lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ máa padà sí i lẹ́nu, èébú ló bá dé. Ẹni tí mò ń wí yìí ta ẹ̀lùbọ́ ní ọjà Akẹ́sán kí n tó gbọ́njú. Oníbàárà á bú u, òun á máa wọn ẹ̀lùbọ́ rẹ̀ lọ, á tún fi èènì sí i. Mi ò gbọ́ ọ kó pe ọmọ aládùúgbò ní òmùgọ̀ rí.

Ní báyìí, mo lè fẹ́ ẹ̀kọ mímu títí tó fi máa lọ́ wọ́ọ́wọ́, kí n gbé ṣíbí súnmọ́ ẹnu rẹ̀, á pa ẹnu dé, á wò mí lójú, á ní: "Olè, níbo lo gbé sányán mi sí?" Sányán náà wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó sùn lé. Mo gbé e jáde, mo tẹ́ ẹ sí i lẹ́sẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì tẹ aṣọ yẹn wò, ó ní ayédèrú ni, pé mo ti ta tòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bá ti Èkó dé, ẹ̀rín ni, àdúrà ni.

Àbúrò rẹ̀ kan ní ohun tó ti wà nínú rẹ̀ tipẹ́ ni, pé sùúrù ló fi ń bò ó, àìsàn wá ṣí i sílẹ̀. Pásítọ̀ wa ní kí n dárí jì í. Bí kì í bá ṣe òun ló ń sọ̀rọ̀, kí ni mo fẹ́ dárí rẹ̀ jì í? Bó bá sì jẹ́ òun ni, gbogbo ọdún tó fi hùwà pẹ̀lẹ́ ńkọ́? Inú ń bí mi gan-an, mi ò sì mọ ẹni tí mò ń bínú sí.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́:

Ẹ kú ìtọ́jú màmá, àǹtí. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ní rọpárọsẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Iwájú ọpọlọ wà lára ohun tó ń bá wa kó ahọ́n níjàánu. Bí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé ibẹ̀ mọ́, ìjánu á já. Ẹ̀sùn olè náà wọ́pọ̀ lára ẹni tí iyè rẹ̀ ń ra, ẹni tó sì súnmọ́ wọn jù ni wọ́n sábà máa ń fi kàn. Ẹ jẹ́ kí dókítà tún wò wọ́n. Bí ẹnì kan nínú mẹ́ta tí àrùn yìí bá kọ lù ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa ń mú, ìbínú sì ni òmíì fi máa ń hàn. Oògùn wà fún un.

Wọ́n kọ́ wa nípa Phineas Gage, ọ̀gá lébìrà tó ń ṣiṣẹ́ ojú irin ní Vermont, Amẹ́ríkà. Ní 1848, ẹ̀tù bú, ọ̀pá irin gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé, ó gba àtàrí jáde. Kò kú. Dókítà rẹ̀, Harlow, kọ ọ́ pé àwọn tó mọ̀ ọ́n ní kì í ṣe Gage mọ́, ó ti di aláìní-sùúrù tó ń sọ ìsọkúsọ. Ibi tí àwọn èèyàn máa ń fò ni pé ó lọ sí Chile lẹ́yìn náà, ó wa ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin fún ọdún bíi mélòó kan kó tó kú ní 1860. Lójú tèmi, ẹni tí kò ní ìkóra-ẹni-níjàánu rárá ò lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ẹ má tíì sọ ìrètí nù.

Tíṣà Àgbà:

Ọmọ mi, o kú ọ̀rọ̀ ìyá rẹ. Àbúrò ìyá rẹ ni mo fẹ́ dá lóhùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣódípò àti Barry Hallen, nígbà tí wọ́n wà ní Yunifásítì Ifẹ̀, lọ jókòó ti àwọn oníṣègùn ní ilẹ̀ Èkìtì, wọ́n ń bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀. Ohun tí àwọn àgbà yẹn sọ ni pé ohun tí ojú ẹni rí, tí ọkàn ẹni sì jẹ́rìí sí, ni èèyàn lè ní òun mọ̀. Ohun tí wọ́n bá sọ fún un, ó gbà á gbọ́ ni. Ìwọ fojú ara rẹ rí ìyá rẹ ní ìdí ẹ̀lùbọ́. Ta ló rí èébú tí wọ́n ní ó ń bò mọ́ra?

Ká tiẹ̀ ní ó wà níbẹ̀. Ta ni èébú ò sí nínú rẹ̀? Èyí tí èèyàn jẹ́ kó jáde àti èyí tó gbé mì, òun gan-an ni à ń pè ní ìwà. Ẹni tó bá ní ohun tí sùúrù bò mọ́lẹ̀ nìkan ni òótọ́ ti sọ sùúrù di irọ́, èmi ò sì lè gba ìyẹn láéláé.

Nígbà tí Elisabeth, ọmọ ọba Bohemia, ń bá Descartes, amòye ará Faransé tó gbà pé ìrònú ẹni tó láti fi ṣàkóso ọkàn ẹni, kọ lẹ́tà síra wọn, ó sọ ọ̀rọ̀ yìí fún un ní 1645: àwọn àìsàn kan wà tó ń gba agbára ìrònú lọ́wọ́ èèyàn pátápátá. Ara òun náà ò yá lásìkò yẹn. Amòye ńlá ni Descartes, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin yẹn ni mo fara mọ́. Ẹni tí a ti gba ìjánu lọ́wọ́ rẹ̀ ò ṣẹ̀ ọ́. Ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ ọ́, má fi ìdáríjì dí ojú rẹ̀.

Akin Peckham:

Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ bàbá. Bàbá tèmi náà ní àrùn yìí níbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Gbàrà tí a ti jọ gbà pé "kì í ṣe bàbá ló ń sọ̀rọ̀", a ò dá wọn lóhùn mọ́. À ń sọ̀rọ̀ ìtọ̀ àti ìgbẹ́ wọn lójú wọn, bí ẹni pé wọn ò sí ní yàrá. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní, "Mò ń gbọ́ yín o." Ojú tì wá.

Àǹtí, bí èébú kì í bá ṣe tiwọn, ẹ̀rín tí wọ́n ń rín sí ẹ̀gbọ́n yín náà kì í ṣe tiwọn nìyẹn. Ẹ ò lè mú ọ̀kan kẹ́ ẹ fi ìkejì sílẹ̀. Ẹ dá wọn lóhùn, kẹ́ ẹ ní, "Màmá, mi ò jalè, ọ̀rọ̀ yẹn sì dùn mí."

Àbẹ̀kẹ́ Ọ̀yọ́:

Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Akin, o ti kan ibi tí mi ò fẹ́ dé. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ sọ pé àìsàn ló ń bú mi, kí n fojú fò ó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá ní ṣọ́ọ̀bù Akẹ́sán ti di ti ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá wa ni, ká tètè kọ ọ́ sílẹ̀. Mo bi í pé ẹnu wo. Kò tíì dá mi lóhùn.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́:

Àǹtí, kí ẹnikẹ́ni má kọ nǹkan kan kí dókítà tó rí màmá. Ó lè jẹ́ pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ṣọ́ọ̀bù, kí ti sányán sì jẹ́ àìsàn. Ẹ bi wọ́n láàárọ̀ nígbà tí ara bá tù wọ́n: ṣọ́ọ̀bù wo, ta ni wọ́n ń fún, kí ló dé tó fi jẹ́ ẹni yẹn, kí ló máa kan àwọn ọmọ yòókù. Ẹ tún bi wọ́n lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ méjèèjì, kó dákẹ́, kó gbọ́ ọ fúnra rẹ̀.