Yáàdì Ìkòyí àti yáàdì Johannesburg: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ẹ̀yin àgbà ọ̀jẹ̀ nínú gọ́ọ̀fù, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbẹ́ òkun ni pápá Ìkòyí wà, ṣùgbọ́n Johannesburg, tó jẹ́ ojúkò Big Easy Tour (ọ̀wọ́ ìdíje gọ́ọ̀fù ní South Africa fún àwọn tó ń gòkè bọ̀), ga tó nǹkan bíi mítà 1,700. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́: 7-iron (igi gọ́ọ̀fù fún ìgbá tó jìn níwọ̀nba) tó ń lọ yáàdì 150 níbí á sún mọ́ 165 níbẹ̀. Ìyẹn yé wa.

Wedge, igi fún ìgbá kúkúrú, ló ṣòro. Tí a bá fi ààbọ̀ agbára gbá a, tí bọ́ọ̀lù ò ga, ṣé àfikún ìdá 10 nínú 100 yẹn (láti 150 sí 165) ṣì dúró, àbí ó dín kù? Koríko kíkúyù, koríko líle tó wà níbẹ̀, tún máa ń wé mọ́ ọrùn igi, ojú igi á pa dé, bọ́ọ̀lù á yà sósì. Ṣé kí a ṣí ojú igi díẹ̀, àbí kí a kàn dì í mú gírígírí?

Ẹni tó bá ti gbá odindi sáà níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, iye yáàdì gan-an la fẹ́.