Ṣé ìṣubú Constantinople ló bí ìsọjí iṣẹ́ ọnà àti ẹ̀kọ́ ní Yúróòpù?

Ọmọ Òkè-Ìlewó:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Àbúrò mi tó ń múra ìdánwò ìtàn kà á sí mi létí láti inú ìwé rẹ̀ pé, lẹ́yìn tí àwọn ará Tọ́kì gba Constantinople ní ọdún 1453, àwọn ọ̀mọ̀wé Gíríìkì kó ìwé wọn sá lọ sí Ítálì, àti pé ibẹ̀ ni ìsọjí tí àwọn òyìnbó ń pè ní Renaissance ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé yìí kan náà ló tún sọ pé wọ́n ti parí òrùlé rìbìtì ńlá ti kàtídírà ìlú Florence ní Ítálì ní 1436. Báwo ni ọmọ ṣe ṣáájú ìyá rẹ̀ dé ayé? Kí sì ló dé tó fi jẹ́ Florence, tí kì í ṣe Róòmù tàbí Paris?

Olùkọ́ Ìtàn, Ìbarà:
O káre, àbúrò mi, ìbéèrè rẹ mọ́gbọ́n wá. Iṣẹ́ ti ń lọ ní pẹrẹu kí ọdún 1453 tó dé. Petrarch, akéwì ará Ítálì tó kú ní 1374, fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ìwé Látìn àtijọ́ kiri, ní Verona ní 1345 ló sì ti rí àwọn lẹ́tà tí Cicero, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ará Róòmù àtijọ́, kọ sí Atticus ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ní 1397, Florence fúnra rẹ̀ ló ti ránṣẹ́ pe ọ̀mọ̀wé Gíríìkì kan, Manuel Chrysoloras, láti Constantinople kó wá kọ́ wọn ní èdè Gíríìkì. Nítorí náà, nígbà tí àwọn tó sá àsálà dé, wọ́n bá àwọn tó ti gbọ́ èdè wọn, tí wọ́n sì ti ń wá irú ìwé tí wọ́n gbé dání. Ìwé tó wá láti ọ̀dọ̀ wọn kò kéré ṣá o: Kádínà Bessarion, ọmọ Gíríìkì tó ti fi Ítálì ṣe ilé kí ìlú náà tó ṣubú, kó ìwé tirẹ̀ jọ, ó sì fi wọ́n ta Venice lọ́rẹ ní 1468.

Ìyá Aláàdìrẹ, Ìtòkú:
Olùkọ́ ti sọ ti ìwé. Ní ti ìdí tó fi jẹ́ Florence, aṣọ ni ìdáhùn tèmi, ẹ má sì sọ pé nítorí ọjà mi ni. Wọ́n ń ra irun àgùntàn láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń hun ún, wọ́n ń pa á láró, wọ́n sì ń tà á káàkiri. Òwò yìí àti iṣẹ́ báńkì jọ gbilẹ̀ ni. Ọdún 1397 tí Chrysoloras dé ni wọ́n dá báńkì ìdílé Medici sílẹ̀ ní Florence. Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Calimala, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò aṣọ, ló ń tọ́jú ilé ìrìbọmi ìlú náà. Ẹgbẹ́ àwọn onírun àgùntàn ló ń bójú tó kàtídírà. Ẹgbẹ́ onísílíkì ló sì kọ́ ilé fún àwọn ọmọ tí òbí wọn kọ̀ sílẹ̀, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1419.

Ní 1401, Calimala pe ìdíje fún ilẹ̀kùn idẹ ilé ìrìbọmi náà, wọ́n ní kí oníkálukú ya Ábúráhámù níbi tó ti fẹ́ fi Ísáákì rúbọ. Ti Ghiberti àti ti Brunelleschi, oníṣẹ́ ọnà méjì lára àwọn tó díje, ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Bargello títí di òní. Ghiberti fẹ́rẹ̀ẹ́ da gbogbo tirẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, Brunelleschi sì da àwọn ère rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kó tó kàn wọ́n mọ́ pátákó idẹ, èyí tó mú kí tirẹ̀ wúwo jù. Ghiberti ló gba iṣẹ́ náà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹwà ni wọ́n kọ́kọ́ wò, ṣùgbọ́n oníṣòwò ni wọ́n, wọ́n sì mọ iye tí idẹ ń lọ. Brunelleschi yìí náà ló wá kọ́ òrùlé tí o béèrè, láti 1420 sí 1436, láìto igi láti ilẹ̀ láti gbé e ró: ó to bíríkì kọjá ara wọn ní ìdábùú àti òòró, kí ìlà kọ̀ọ̀kan lè di ara rẹ̀ mú kí ibi tí wọ́n ń mọ tó gbẹ.

Ọmọ Kẹ́mta:
Ẹ ṣeun, Ìyá. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé kì í ṣe òkùnkùn biribiri ló wà ṣáájú. Ní Toledo ní ilẹ̀ Spéènì, ní nǹkan bí ọdún 1150 sí 1187, Gerard ará Cremona ti ń túmọ̀ ìwé Ptolemy lórí ìràwọ̀ àti ìwé ìṣègùn Ibn Sina láti èdè Lárúbáwá sí Látìn. Èkejì ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé: ìwé tí Petrarch fi ọwọ́ dà kọ ní ẹyọ kan, Venice ń tẹ irú rẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kí ọdún 1500 tó pé. Àwa tí wọ́n tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta, ìlú wa níbí, ní 1859 kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìyẹn fún wa.

Ọmọ Òkè-Ìlewó:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gan-an. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ìdánwò ńkọ́?

Olùkọ́ Ìtàn, Ìbarà:
Kó kọ 1453 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára ohun tó ran ìsọjí náà lọ́wọ́, kó fi Chrysoloras àti 1397 ṣáájú rẹ̀, kó sì mẹ́nu ba owó aṣọ. Kò sí olùyẹ̀wò tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tí yóò yọ máàkì rẹ̀ nítorí ìyẹn.