Graphics card dẹ́sítọ́ọ̀pù tí ẹ̀gbọ́n mi fún mi, ṣé ó lè bá láptọ́ọ̀pù ṣiṣẹ́?

Àdùkẹ́ Onífídíò:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Iṣẹ́ fídíò òde ni mò ń ṣe n'Íbàdàn níbí, ìgbéyàwó, ìkómọ, ìsìnkú àgbà, èmi ni mo máa ń gé e tí mo máa ń tò ó. Láptọ́ọ̀pù mi ni EliteBook 840 G3, i5-6300U, RAM 16GB, tòkunbọ̀ ni. Fídíò 1080p ò fi bẹ́ẹ̀ yọ ọ́ lẹ́nu, àfi ìgbà tí ẹni tó ń bá mi yà á lọ ra kámẹ́rà tó ń ya 4K, tó tóbi ju 1080p lọ dáadáa. Ìyà dé. Mo á tẹ play, àwòrán á dúró gbagidi, ohùn alága ìdúró á ti kọ orin débi tó kàn, ẹnu ẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá máa là. Tí mo bá ní kó gbé fídíò ìṣẹ́jú mẹ́wàá jáde, mo lè lọ ra ata ní Bódìjà, kí n lọ̀ ọ́, kí n sè é, kí n tó padà dé ó ṣì wà ní 60%.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá ní dẹ́sítọ́ọ̀pù kan tí bọ́ọ̀dù ẹ̀ ti jó, àmọ́ graphics card inú ẹ̀ (káàdì tó ń ṣe iṣẹ́ àwòrán) ò ṣe nǹkan kan, GTX 1060 6GB, ó ní kí n máa mú un lọ, tòun ti power supply ẹ̀ (àpótí tó ń fún un níná), 450W. Mo bi ẹnì kan tó ń ta nǹkan kọ̀ǹpútà, ó yọ bọ́ọ̀dù pẹlẹbẹ kékeré kan jáde tó ní wáyà USB aláwọ̀ búlúù lára, ó ní kí n ṣáà ki USB yẹn bọ láptọ́ọ̀pù, ó ti parí nìyẹn. Owó ti wà lọ́wọ́ mi kí ọkàn mi tó ní kí n kọ́kọ́ bi yín. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́?

Ṣẹ́gun T:
Àǹtí ẹ má sanwó o!!! Nǹkan àwọn tó ń fi graphics card wa owó crypto nìyẹn, riser ni wọ́n ń pè é. Wáyà USB ló jọ, wáyà USB náà sì ni, àmọ́ ohun tó ń gba inú ẹ̀ kọjá kì í ṣe USB rárá, PCIe ni, ọ̀nà tí àwọn káàdì inú kọ̀ǹpútà ń gbà sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn lo wáyà yẹn torí ó pọ̀ lọ́jà tí ò sì wọ́n ni. Tí ẹ bá kì í bọ ẹnu USB láptọ́ọ̀pù, tí orí bá bá yín ṣe é nǹkan kan ò ní ṣẹlẹ̀, tí kò bá bá yín ṣe é pọ́ọ̀tù yẹn ti lọ nìyẹn.

Baba Fàwàsì:
Ẹ ta káàdì yẹn, ẹ ta láptọ́ọ̀pù, ẹ fi owó kún un, ẹ ra dẹ́sítọ́ọ̀pù. Wàhálà kí ló wá délẹ̀ yìí.

Àdùkẹ́ Onífídíò:
@Ṣẹ́gun, Ọlọ́run á bù kún ẹ. @Baba Fàwàsì, ẹ ṣé sà, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ẹ mọ bí iná ṣe ń ṣe wá. Tí NEPA bá mú un lọ, láptọ́ọ̀pù yìí á ṣì gbé mi fún bíi wákàtí mẹ́ta. Mo sì máa ń gbé e lọ sílé àwọn oníbàárà kí wọ́n wo iṣẹ́ kí n tó parí ẹ̀. Mi ò lè ru dẹ́sítọ́ọ̀pù lọ sílé ìyá ìyàwó sà 😂

Kúnlé (London):
Àbúrò mi, ọ̀nà tó rọrùn jù ni Thunderbolt, ẹnu kan tó jọ USB-C àmọ́ tó lè gbé PCIe, òun ni mò ń lò níbí. Wọ́n ń ta àpótí ẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ máa gbé káàdì sínú ẹ̀, wáyà kan ṣoṣo lá so mọ́ láptọ́ọ̀pù. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ USB-C yín bóyá ẹ máa rí àmì bíi mànàmáná níbẹ̀.

Àdùkẹ́ Onífídíò:
Mo ti wò ó sà, USB-C wà, kò sí mànàmáná kankan.

Kúnlé (London):
Àh. 840 G3 ò ní in lóòótọ́, àti G5 ni wọ́n ti fi Thunderbolt 3 sí i. USB-C lásán ò lè ṣe é, torí ẹnu méjèèjì jọra ni wọ́n ṣe ń tan àwọn èèyàn jẹ. Mo fi yín lé àwọn tó ń tú láptọ́ọ̀pù lọ́wọ́ o, èmi ò ní irú àyà bẹ́ẹ̀.

Músílì Kọ̀ǹpútà:
Mo ti dé. Àǹtí, ó máa ṣe é ṣe, àmọ́ ẹ máa ṣí ìdí láptọ́ọ̀pù yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Graphics card ò bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ gba ibòmíì, PCIe ni. Nínú dẹ́sítọ́ọ̀pù, ọ̀nà mẹ́rìndínlógún ló wà nídìí ẹ̀, ìyẹn x16, tó bá jẹ́ PCIe 3.0 ọ̀nà kan ń gbé bíi 1GB láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Láptọ́ọ̀pù yín ò ní irú ojú títì gbòòrò bẹ́ẹ̀ tó yọ síta. Àwọn EliteBook àtijọ́ bíi 8460p ní ihò ExpressCard lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn ènìyàn ń gba ibẹ̀ nígbà yẹn, ọ̀nà kan ṣoṣo sì ni. Tiyín, ibi méjì ló kù. Ibi tí káàdì WiFi wà, ọ̀nà kan náà nìyẹn, ẹ máa pàdánù WiFi sí i. Ibi kejì ni ẹnu M.2 tí SSD (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì pamọ́ sí) ń wọ̀, ọ̀nà mẹ́rin ló ní, bíi 4GB nìyẹn láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Ibẹ̀ ni kí ẹ gbà.

Ẹ máa béèrè pé níbo ni Windows máa wá wà. 840 G3 ṣì ní àyè fún SSD 2.5 tí ń lo SATA, ẹ ra ọ̀kan, ẹ kó Windows sórí ẹ̀. Ó máa falẹ̀ díẹ̀ ju NVMe, irú SSD tó ń gba PCIe, lọ àmọ́ kò ní pa yín lára.

Adapter tí ẹ máa wá ni M.2 sí PCIe x16, èmi ADT-Link R43SG ni mo lò. Apá kan bíi SSD ló rí, ẹ máa kì í bọ ẹnu M.2, kéébù pẹlẹbẹ ló tẹ̀lé e, bọ́ọ̀dù tí káàdì máa jókòó lé wà ní ìparí ẹ̀. Kéébù yẹn ò gùn, ẹ má sì wá èyí tó gùn jù, bó bá ṣe ń gùn sí i ló ṣe ń ṣe ségesège. 450W tó, ó kù sílẹ̀, 120W ni 1060 ń jẹ.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkankan nínú ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yọ ẹnu bátìrì inú ẹ̀. Mo tún un sọ, ẹ yọ bátìrì. Mo ti rí ẹni tó jó bọ́ọ̀dù ẹ̀ torí pé ó pa á, ó rò pé ó ti kú.

Ìyá Ìbejì:
Músílì ẹ má bínú, ọ̀nà mẹ́rin nínú mẹ́rìndínlógún, ṣé kì í ṣe pé wọ́n gbé tírélà gba ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ báyìí?

Músílì Kọ̀ǹpútà:
Ìbéèrè gidi. Ó dọ́wọ́ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Tó bá jẹ́ gémù, á dùn wọ́n díẹ̀, torí ẹrù ń lọ ń bọ̀ ní gbogbo ìgbà. Tó bá jẹ́ Blender tí wọ́n fi ń ṣe àwòrán 3D, á kó gbogbo ẹrù lọ sórí káàdì lẹ́ẹ̀kan, káàdì á jókòó máa ṣiṣẹ́ ẹ̀, kò ní yàtọ̀ púpọ̀ sí ti dẹ́sítọ́ọ̀pù. Fídíò gígé wà láàárín méjèèjì. Ohun tó máa dí wọn lọ́wọ́ jù ni i5 yẹn fúnra ẹ̀, ìyẹn ọpọlọ láptọ́ọ̀pù, core méjì péré ló ní.

Nǹkan míì, kí wọ́n so mọ́nítọ̀ mọ́ ara káàdì. Tó bá jẹ́ ojú láptọ́ọ̀pù ni wọ́n ń wò, àwòrán tí káàdì bá ṣe tán tún gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà tóóró yẹn padà wálé.

Àdùkẹ́ Onífídíò:
Mọ́nítọ̀ tí mo ní, VGA ló ní. Mo rí ẹnu DVI lára káàdì, mo sì ní adapter kékeré tó ń sọ DVI di VGA.

Ṣẹ́gun T:
Kò ní wọlé àǹtí. DVI-D ni ti 1060, kò ní àwọn ihò mẹ́rin kéékèèké tó yí ìlà gbọọrọ yẹn ká. Ẹ ra èyí tó ń sọ HDMI di VGA, èyí tó ní ẹ̀rọ nínú, kò wọ́n.

(Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà)

Àdùkẹ́ Onífídíò:
Adapter ti dé o! Lánàá ni. Mo ṣí ìdí láptọ́ọ̀pù, ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún lójú ọmọ tuntun. Mo yọ bátìrì, mo yọ SSD inú M.2 (Windows ti wà lórí SSD 2.5), mo ki adapter bọ̀ ọ́, mo dá bátìrì padà. Mo tan láptọ́ọ̀pù, mo tan power supply, fáànù káàdì yí, Windows wọlé, àmọ́ nínú Device Manager, níbi tí Windows ń to orúkọ ẹ̀rọ sí, kò sí 1060 níbì kankan, bí ẹni pé mi ò so nǹkankan mọ́ ọn. Músílì ẹ gbà mí.

Músílì Kọ̀ǹpútà:
Èwo lẹ kọ́kọ́ tàn?

Àdùkẹ́ Onífídíò:
Láptọ́ọ̀pù.

Músílì Kọ̀ǹpútà:
Òun náà nìyẹn. Nígbà tí láptọ́ọ̀pù bá ń jí ló máa ń ka orúkọ àwọn tó wà nílé, ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ kò ní orúkọ. Power supply ni kẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ tàn, kí láptọ́ọ̀pù tẹ̀lé e. Ẹ sì lọ pa fast startup nínú Windows, torí tẹ́ ẹ bá ní kó kú, kì í kú tán, oorun ló ń sùn. Ẹ má sì fà á yọ láé nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ti Thunderbolt nìkan ni wọ́n lè yọ bẹ́ẹ̀.

Àdùkẹ́ Onífídíò:
YÉÈÈÈ!! Ó ti rí i! Àmọ́ ojú mọ́nítọ̀ ò fi Windows hàn, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí n pa á, kí n so wáyà iná mọ́ káàdì.

Ṣẹ́gun T:
Wáyà 6-pin tó wà lórí káàdì, ẹ ò tíì kì í 😂😂

Àdùkẹ́ Onífídíò:
Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jọ̀ọ́ 😩 mo ti kì í. Mo dáńlóòdù driver NVIDIA tí káàdì fi ń ṣiṣẹ́, mo wọ Premiere tí mo fi ń gé fídíò, mo yí Renderer sí CUDA kí káàdì lè máa ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ̀yin èèyàn mi, alága ìdúró ń sọ̀rọ̀, ẹnu ẹ̀ ń bá a lọ. Fídíò ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn tó máa ń gbà ju wákàtí kan lọ, ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún ló fi jáde. Ata gan-an mi ò tíì lọ̀ tán.

Baba Fàwàsì:
Ó dáa. Tí NEPA bá wá mú iná lọ ńkọ́?

Àdùkẹ́ Onífídíò:
Baba, ẹnu yín yìí. Àárọ̀ òní ló ṣẹlẹ̀. Mo wà ní 70%, fìì, wọ́n mú un. Láptọ́ọ̀pù ní bátìrì, ó wà láàyè, àmọ́ káàdì ti kú, mọ́nítọ̀ náà ti kú. Ojú láptọ́ọ̀pù dì bíi yìnyín, mọ́ọ̀sì ò rìn, àfìgbà tí mo tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ títí ó fi pa. Project ò lọ torí autosave, àmọ́ gbogbo ibi tí mo ti to àwọ̀ sí láti aago mẹ́fà, mo tún un ṣe.

Músílì Kọ̀ǹpútà:
Ibi tí ẹ̀ ń sọ nípa bátìrì láptọ́ọ̀pù lọ́jọ́ kìíní ló yẹ kí n ti kìlọ̀, ẹ̀bi mi ni. Bátìrì ò gba káàdì là. Ẹ ra UPS, bátìrì tó ń gbé iná fúngbà díẹ̀ tí NEPA bá mú un lọ, 650VA á ṣe é. Power supply, mọ́nítọ̀ àti ṣájà nìkan ni kẹ́ ẹ so mọ́ ọn, ẹ má so fáànù mọ́ ọn o. Tó bá ti ń ké, ẹ da export dúró, ẹ fi iṣẹ́ pamọ́, ẹ pa á. Ẹ má sì gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹn lé e tààrà, iná ẹ̀ ń jó sókè jó sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì:
Àdùkẹ́, ìdérí ìdí láptọ́ọ̀pù ẹ ńkọ́? Ṣé o gé e ni?

Àdùkẹ́ Onífídíò:
Mi ò lè gé e mà, ojú ń ro mí. Tí mo bá fẹ́ lo káàdì, mo máa ń tú nọ́ọ̀tì, mo á dà á dé, mo á fi bébà ìwé ìpè ìgbéyàwó méjì tẹ́ abẹ́ ẹ̀ kó má baà kan tábìlì. Tí mo bá ń jáde, mo á yọ adapter, mo á dé e padà, mo gbé e sínú báàgì. Músílì, UPS ti délé o, mo dán an wò lálẹ́ yìí, mo fọwọ́ ara mi yọ ọ́ lára iná, ó gbé mi fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ.