Ajá wa ò gbọ́ ìbọn Ojúde Ọba: ẹ wá sọ ìrírí tiyín

Ẹ kúulé o ẹ̀yin alájá. Ẹni tó bá ń gbé Ìjẹ̀bú-Òde mọ bí àwọn ìdílé Balógun ṣe máa ń yìnbọn lọ́jọ́ Ojúde Ọba, gbogbo ajá àdúgbò ti sá wọ abẹ́ mọ́tò, àmọ́ ọmọ Dalmatian tiwa, irú ajá funfun alámì dúdú yẹn, sùn fọnfọn lẹ́nu ọ̀nà, etí ẹ̀ ò tiẹ̀ mì. Bùrọ̀dá mi ní olóríkunkun ni, kí n nà án, mo ní rárá o.

Dókítà ajá dúró sẹ́yìn ẹ̀, ó mi kọ́kọ́rọ́, ó súfèé, ajá ò wẹ̀yìn. Ó wá fẹsẹ̀ kilẹ̀ gìdì, kíá ló yíjú! Dókítà ní ilẹ̀ tó mì ló mọ̀, kì í ṣe ariwo. Ó ní àwọ̀ funfun ẹ̀ ló fà á, pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń fún ara láwọ̀ yẹ kó wà nínú etí lọ́hùn-ún náà, tí wọn ò bá sí níbẹ̀, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà bọ́ etí á bàjẹ́, àwọn irun wínníwínní tó ń gba ìró á kú ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 tí wọ́n bí i, kò sì sóògùn ẹ̀. Ó máa ń ṣe ológbò funfun olójú búlúù náà. Tó bá jẹ́ etí kan ló di, àtẹ́wọ́ ò lè fi hàn, àyẹ̀wò BAER ló lè sọ ọ́: wọ́n á ki abẹ́rẹ́ tín-ín-rín sábẹ́ awọ orí, wọ́n á máa ta ìró sí etí kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ á wò ó bóyá ọpọlọ dáhùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bí Dalmatian tà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èyí tí ò gbọ́ gùn.

Ọwọ́ la fi ń bá a sọ̀rọ̀ báyìí. Tó bá ń sùn, oúnjẹ la máa ń gbé súnmọ́ imú ẹ̀, torí tó bá ta gìrì jí ó lè géèyàn jẹ. Kì í jáde láìsí okùn lọ́rùn, ọ̀kadà ti pọ̀ jù.

Èsì láti Ṣágámù:
Ẹ kú ìtọ́jú ẹ̀ o àǹtí. Tèmi ò bá a wáyé. Etí ẹ̀ ń rùn, ó ń gbọnrí ṣáá, ẹnì kan ní kí n kán gentamicin, oògùn apakòkòrò, sí i. Dókítà ní kóun kọ́kọ́ fi iná wo ìlù etí ná, torí tó bá ti lu, oògùn yẹn lè wọnú lọ pa ìgbọ́ràn. Ihò etí ajá máa ń sọ̀kalẹ̀ kó tó yà sínú, ìdọ̀tí ń há síbẹ̀ gan-an. Tòsì ti lu lóòótọ́! Ó fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, ó fún wa lóògùn míì, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa padà lọ.