Kọ̀ǹpútà mi ń gan lẹ́yìn tí mo fi SSD sí i: ẹ wá sọ tiyín

Onítẹ̀wé Àjàṣẹ́:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti tó oṣù kan tí mo ti ń sọ pé n óò kọ ìtàn yìí, àwọn oníbàárà ni kò jẹ́ kí n ráyè. Ẹni tó bá ti ra SSD rí (dísìkì ìgbàlódé tó ń yára, tí kò ní ohun tó ń yí nínú), tó rò pé ìyà ti tán, tí kọ̀ǹpútà wá bẹ̀rẹ̀ sí í gan mọ́ ọn lọ́wọ́, kó fa àga sún mọ́ wa.

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré ni mo ní ní Àjàṣẹ́ níbí, kò jìnnà sí ọjà Ouando. Mò ń tẹ ìwé, mò ń ṣe fọ́tòkọpì, mò ń ṣe ìwé ìpè ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ṣoṣo ló ń bọ́ gbogbo wa. Dísìkì 500 GB ló wà nínú rẹ̀, irú ti àtijọ́ tó ń yí. Tí mo bá tàn án láàárọ̀, mo lè gbálẹ̀, kí n ra ògì, kí n mu ún tán, kí n sì fọ igbá rẹ̀, kó tó ṣetán. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí n ra SSD. Mo ra 240 GB ní sẹ́fà 18,000. Ọmọ náà da Windows kọ sórí rẹ̀, ṣùgbọ́n fáìlì àwọn oníbàárà ti pọ̀ ju ohun tí 240 GB lè gbà lọ. Ló bá yọ ẹ̀rọ tó ń ka CD kúrò, ó ra férémù kan tó ń wọ ojú ihò rẹ̀, ó sì ti dísìkì àtijọ́ bọ ibẹ̀. Ẹ má gbàgbé dísìkì yẹn o.

Ọjọ́ kìíní, ẹ̀rín ni mò ń rín. N kò tíì ka ení dé ogún tí Windows fi ṣí.

Ọjọ́ kẹta ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ìyá kan mú ìwé ìbí ọmọ rẹ̀ wá, ó fẹ́ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ìwé. Mò ń tẹ̀ ẹ́ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, mo ní kí n fi pamọ́, ni gbogbo rẹ̀ bá gan, ohun tí àwọn ọmọ wa ń pè ní "plánté". Ọfà kékeré tí a ń fi èkúté darí ṣì ń rìn káàkiri, ṣùgbọ́n kò sí ibi tó kàn tó dá a lóhùn. Aago tó wà ní igun ìsàlẹ̀ dúró sí 10:42. Mo tẹ lẹ́tà bíi mélòó kan, kò jáde. Ìyá náà ń wo ojú mi, èmi ń wo ojú kọ̀ǹpútà. Nígbà tó tó bí ìlàjì ìṣẹ́jú, gbogbo ohun tí mo ti tẹ̀ ya jáde lẹ́ẹ̀kan bí ẹ̀wà tó tú lápò: "sssddffff". Ìyá ní, "Bàbá, ṣé lẹ́tà tèmi nìyẹn?"

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀mẹfà lóòjọ́. Oníṣẹ́ kan ní RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń to iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí) ló ń da ara rẹ̀ láàmú. Ó yọ ọ́, ó fi írésà àwọn ọmọ ilé-ìwé pa ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dá a padà, ó gba sẹ́fà 5,000. N kò tíì dé ṣọ́ọ̀bù dáadáa tó fi tún gan. Ẹlòmíràn ní SSD náà kì í ṣe ojúlówó, kí n lọ ra òmíràn (lọ́dọ̀ tirẹ̀, ẹ ti mọ̀). Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Windows ni. Ó pa á rẹ́, ó fi tuntun sí i, ọjọ́ méjì wọ inú ẹ̀, kíbọ́ọ̀dù mi, tó jẹ́ ti Faransé, sì di ti àwọn ará Nàìjíríà: mo bá tẹ A, Q ló ń jáde. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ó tún gan.

Nígbà tí owó ti ń tán lápò, mo ṣí ẹ̀yìn ìwé tí mo fi ń kọ gbèsè oníbàárà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ aago tó bá gan síbẹ̀, àti ohun tí mo ń ṣe lọ́wọ́. Ọjọ́ mẹ́rin péré, ó ti ń hàn. Tí iṣẹ́ bá ń wọ́ tẹ̀lé ara wọn, kì í gan. Tí mo bá dìde lọ sídìí fọ́tòkọpì, tí mo pẹ́ níbẹ̀, tí mo padà wá ṣí fáìlì oníbàárà, ìgbà yẹn gan-an ló máa ń gan.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọjà ti tú, gbogbo ẹ̀rọ ti dákẹ́. Mo gbé etí lé ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà bí ẹni ń gbọ́ àyà aláìsàn, mo sì ṣí fáìlì kan. Ó gan. Mo gbọ́ "hínnnn", bí ẹ̀fọn tó ń bọ̀ lókèèrè, lẹ́yìn náà "ká, ká, ká". Hẹ̀n-ẹ́n! SSD kò ní ohun tó ń yí nínú, ohùn kò lè jáde lára rẹ̀. Dísìkì àtijọ́ inú ihò CD ló ń jí lójú oorun! Bí wọ́n ṣe to Windows mi, tí dísìkì bá ti wà láìṣiṣẹ́ fún 20 ìṣẹ́jú lórí iná, ó máa dá a dúró. Tí mo bá wá béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, ó di dandan kó kọ́kọ́ yí dé ojú ìwọ̀n, gbogbo wa á sì máa dúró dè é.

"Ká, ká, ká" yẹn tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Mo wo ìwé àkọsílẹ̀ Windows, tí tèmi ń pè ní Observateur d'événements, mo bá nọ́ńbà 129 tò lọ bí èèrà, storahci (ètò tí Windows fi ń darí dísìkì) ni wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú RaidPort0. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Windows ránṣẹ́ sí dísìkì, dísìkì kò fèsì, Windows wá ní kó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n RaidPort0 kò sọ èwo nínú àwọn méjèèjì. CrystalDiskInfo, ètò tó ń yẹ ara dísìkì wò, ló tú àṣírí: SSD jẹ́ àwọ̀ búlúù, ara rẹ̀ le koko; dísìkì àtijọ́ jẹ́ àwọ̀ yẹ́lò, ìlà C5 rẹ̀ sì ní 16. Àwọn ojú ibi tí kò ṣeé kà dáadáa mọ́ nìyẹn. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi gbé aláìsàn sí ẹ̀gbẹ́ ẹni tuntun, tí mo wá ń fẹ̀sùn kan ẹni tuntun.

Mo fi gbogbo òru kó fáìlì jáde. Ìwé ìpè ìgbéyàwó méjì ni kò ṣeé gbà padà, àwọn tọkọtaya náà sì ti bímọ. Mo yọ férémù náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, lórí iná, kò gan lẹ́ẹ̀kan. Lórí bátìrì nìkan ló ṣì máa ń dúró díẹ̀, bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Ìyẹn kò tíì yé mi.

Olùkọ́ Kétu:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìfaradà. Tèmi kò gùn tó tiyín. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni, ní ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Kétu. Òun la fi ń ṣe ìwé máàkì wọn. A fi SSD sí i nígbà ìsinmi, a lo okùn SATA pupa (èyí tó so dísìkì mọ́ kọ̀ǹpútà) tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ń gan nígbà tó bá wù ú. Tí ọmọ kan bá sáré kọjá, tó fara gbá tábìlì, ó gan. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní kọ̀ǹpútà náà ń bẹ̀rù ọmọ.

Ìlà C7 ni kí ẹ wò. Ó ń ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ bàjẹ́ lójú ọ̀nà láàárín dísìkì àti kọ̀ǹpútà. (Bí CrystalDiskInfo bá fi lẹ́tà pọ̀ mọ́ nọ́ńbà, ẹ yí i sí onídẹ́wàá kí ẹ tó bẹ̀rù. Èmi ti bẹ̀rù ná.) Láàárọ̀ ó jẹ́ 341, nígbà tí a fi jáde lọ́sàn-án ó ti di 356. Mo tú ẹ̀yìn rẹ̀: irin kékeré tó máa ń di ẹnu okùn náà mú ti kán, ńṣe ló kàn gbé ẹnu lé e. Okùn tuntun, sẹ́fà 1,500. Nọ́ńbà C7 kì í padà sẹ́yìn, ẹ má retí kó di òdo. Tèmi dúró sí 362 láti ọjọ́ náà, kò sì gan mọ́.

Ọ̀gá Windows:

Ẹ dákun, mo fẹ́ ta kò yín díẹ̀. Ẹ̀dà tí ẹ dà kọ ló fa gbogbo èyí. Ẹ má da Windows àtijọ́ kọ sórí SSD, ẹ fi tuntun sí i. Ẹ sì wọ BIOS (ètò tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó ṣí) wò bóyá IDE ló wà, ọ̀nà àtijọ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń bá dísìkì sọ̀rọ̀; AHCI, ti tuntun, ló yẹ kó jẹ́.

Onítẹ̀wé Àjàṣẹ́:

Ọ̀gá, mo kọ ọ́ sókè pé a ti fi tuntun sí i, ó sì gan ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. AHCI ni tèmi láti ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún àwọn èèyàn pẹ̀lú pé bí wọ́n bá kàn yí IDE sí AHCI láìsọ fún Windows, ó lè má ṣí mọ́. Aládùúgbò mi ṣe é, ojú aláwọ̀ búlúù tí Windows fi ń sọ pé nǹkan ti bàjẹ́ ló rí.

Ọ̀gá Windows:

Òótọ́ ni, mo gbà. Ẹ kọ́kọ́ fi msconfig (ibi tí a ti ń ṣètò bí Windows ṣe ń ṣí) ní kó ṣí ní ipò ààbò (Safe Mode), ẹ yí BIOS, ẹ jẹ́ kó ṣí lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ẹ yọ ipò ààbò náà.

Àbúrò Catchi:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Mo ra èyí tí wọ́n kọ 1 TB sí lára ní sẹ́fà 12,000 lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń kiri. Ó fúyẹ́ bíi pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Mo kó fáìlì sí i, ó ń lọ dáadáa títí dé bí 60 GB, lẹ́yìn náà ó gan, èyí tó kù kò sì ṣeé ṣí. Mo tú u. Káàdì kékeré bíi ti fóònù ni wọ́n fi gúlù lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀. Ètò H2testw ì bá ti sọ fún mi kí n tó kó nǹkan sí i, torí ó máa ń kọ nǹkan kún dísìkì tán ni, á sì tún un kà padà.

Ayàwòrán Ṣábẹ̀ẹ́:

Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin tó kù.

Linux Mint ni mò ń lò dípò Windows, SSD irú NVMe sì ni tèmi, èyí tó rí pẹlẹbẹ bí igi gọ́ọ̀mù, kò ní okùn kankan. Fọ́tò àti fídíò ìgbéyàwó ni iṣẹ́ mi. Lóṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́ bá ń tú ooru jáde lálẹ́, tí mo bá ń kó fídíò ńlá, á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín. Ìyẹn kì í ṣe gígan. Ara rẹ̀ ló gbóná, tàbí ibi tó ń yára kọ nǹkan sí ló kún. Ẹ dúró, á tutù.

Gígan tèmi yàtọ̀. Orin ń kọ lọ, ojú ewé tí mo ti ṣí ń lọ, ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá fẹ́ kan dísìkì kò dìde. Lẹ́yìn rẹ̀ ó sọ pé "Read-only file system", kò jẹ́ kí n fi nǹkan kan pamọ́. Mo fi fóònù ya ojú rẹ̀ kó tó kú: "nvme nvme0: controller is down; will reset". Dísìkì náà máa ń sùn jinlẹ̀ láti fi pa iná mọ́, tí wọ́n bá pè é kò ní jí. Mo ṣí /etc/default/grub (fáìlì ètò ìbẹ̀rẹ̀ Linux), mo fi nvme_core.default_ps_max_latency_us=0 kún inú GRUB_CMDLINE_LINUX_DEFAULT, mo ṣe sudo update-grub, mo pa á, mo tún un tàn. Kò sùn jinlẹ̀ mọ́. Bátìrì ń tètè tán díẹ̀, n kò bínú.

Bàbá onítẹ̀wé, ìyẹn ló mú kí n rò pé ti bátìrì yín náà, oorun ni. Fún SATA lórí Windows, ibì kan wà tí wọ́n fi pamọ́. Ẹ ṣí cmd (fèrèsé dúdú tí a ń tẹ àṣẹ sí) ní ipò alákòóso, kí ẹ tẹ èyí:

powercfg -attributes SUB_DISK 0b2d69d7-a2a1-449c-9680-f91c70521c60 -ATTRIB_HIDE

Ẹ lọ sí ètò iná, abẹ́ dísìkì, "AHCI Link Power Management" á yọ jáde. Ẹ fi ti bátìrì sí Active.

Onítẹ̀wé Àjàṣẹ́:

Ayàwòrán, ẹ ṣé gan-an. Mo tẹ̀ ẹ́ lánàá, mo ṣì nọ́ńbà gígùn yẹn kọ lẹ́ẹ̀mejì. Olùkọ́, mo wo C7 tèmi, òdo ni.

Iná ti lọ láti bí wákàtí kan, orí bátìrì ni mo ti ń kọ gbogbo èyí, kò tíì gan. Ìyá oníwèé ìbí ọjọ́sí ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀dà mẹ́ta ló fẹ́. A jọ ń dúró de iná fún ẹ̀rọ fọ́tòkọpì ni.